PRÓTÓKỌ́Ọ̀LÙ: KÍ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀, BÁWO NI A SÌ Ń LÒ Ó?

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n níbi ayẹyẹ bí irú èyí: prótókọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á dìde, á ní, "Mo dúró lórí prótókọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀," a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí ló dúró lé lórí gan-an? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

ORÍSUN RẸ̀

Láti inú èdè Gíríìkì ló ti wá. Nígbà tí ìwé ṣì jẹ́ kíká bí ẹní, prótókọ́ọ̀lù ni abala àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di orúkọ àkọsílẹ̀ àdéhùn. Lẹ́yìn náà ló di ètò tí a fi ń yẹ́ aṣojú ìjọba sí: ta ni yóò ṣáájú, níbo ni yóò jókòó, ta ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ.

ÌDÍ TÍ A FI NÍLÒ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní fáàrí lásán. Ní 1661, nígbà tí aṣojú ọba Swídìnì gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn aṣojú Faransé àti ti Sípéènì bá ara wọn jà lórí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ta ni yóò ṣáájú. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Ọba Faransé, Louis Kẹrìnlá, fi ogun halẹ̀ títí ọba Sípéènì fi juwọ́ sílẹ̀. Nítorí ipò o!

Ní Vienna ní 1815 ni àwọn ìjọba Yúróòpù tó fẹnu kò pé, láàrin àwọn aṣojú tí oyè wọn dọ́gba, ẹni tó ṣáájú dé ni yóò ṣáájú. Àdéhùn Vienna ti 1961 náà sọ pé ọjọ́ àti wákàtí tí aṣojú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí á wò. Ilẹ̀ kékeré lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣáájú ilẹ̀ ńlá, ìjà ò sì sí.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

1. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò lè ní òun dúró lórí èyí tó wà nílẹ̀. Èwo ló wà nílẹ̀? Òun gan-an ni yóò tò ó, kí ó dárúkọ àwọn èèyàn bó ti yẹ.

2. Ẹni tó tẹ̀lé e lè dúró lé e lórí, kí àkókò má bàa lọ. Kí ó má tún wá ka ogún orúkọ.

3. Bí wọ́n bá gbàgbé ẹnì kan, kí ẹni tó kàn dárúkọ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó má sọ ọ́ di ẹjọ́.

Ohun yìí kò ṣàjèjì sí wa. Oníjàlá a máa júbà kí ó tó sun ìjálá. Àwọn àgbà sì ní ẹkòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un.

Ẹ tún wo Lúùkù orí 14. Olúwa kò ní kí ìjókòó ọlá má sí. Ohun tó kọ̀ ni kí àlejò fúnra rẹ̀ lọ gbà á. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, onílé ló ni prótókọ́ọ̀lù láti fún àlejò. Àlejò kì í jà fún un. Kí àwa onílé má gbàgbé ẹnikẹ́ni. Kí àlejò tí a bá sì gbàgbé má bínú lọ.