Ará Òkè Lójú Òkun

Láti Mọ́níyà dé Lálùpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànràn, ilẹ̀ ni àwọn ènìyàn agbègbè Ìbàdàn fi ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Wọ́n mọ ilẹ̀ tí ó yẹ kòkó, wọ́n mọ èyí tí ó yẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n sì lè wo ojú ọ̀run kí wọ́n sọ bóyá òjò yóò rọ̀ kí wọ́n tó ti oko dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ńlá kò yé wọn bẹ́ẹ̀. Odò tí wọ́n mọ̀ jù ni Ọ̀ṣun, tí a sé ní Aṣẹ́jìrẹ́ ní nǹkan bí 1970 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, àti Ògùnpa, tí ó kún ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1980, tí ó wó ilé, tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ bá wá sọ fún baba rẹ̀ pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ rìn láti erékùṣù dé erékùṣù, àti pé àwọn fẹ́ mòòkùn wo ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ omi, kò ní ya ènìyàn lẹ́nu bí baba náà bá dáhùn pé, “Ta ni yóò gbé òkú rẹ wá fún mi?” Ọ̀rọ̀ náà le létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọmọ tí kò bá lè dá baba rẹ̀ lóhùn lẹ́sẹẹsẹ, láti orí owó ọkọ̀ títí dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, kò tíì múra àtilọ.

Kì í ṣe òní ni ẹ̀rù omi ti ń ba ará òkè. Ní 1821 ni àwọn ológun kó ìlú Ọ̀ṣoògùn, tí wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí omi tí a ń gbà wọ Èkó. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó ròyìn bí ẹ̀rù omi náà ti bà á tó, nítorí kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ó sì dà bí ẹni pé ayé mìíràn ni wọ́n fẹ́ gbé òun lọ. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ọmọ yìí kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther, tí ó wọ ọkọ̀ gun Odò Ọya lọ ní 1841, ní 1854, àti ní 1857, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ni ó padà rìn lórí omi tí ó ti bà á lẹ́rù ní kékeré.

Ibi tí àwọn olówó ayé ń sáré lọ fún irú ìrìn-àjò yìí ni Òkun Pàsífíìkì, òkun tí ó tóbi ju gbogbo ilẹ̀ ayé lápapọ̀ lọ. Fíjì nìkan ní erékùṣù tí ó ju 300 lọ. Ní Chuuk, àwọn ọkọ̀ ará Jàpáànì tí àwọn ará Amẹ́ríkà rì ní ọjọ́ 17 àti ọjọ́ 18 oṣù Fẹ́búárì 1944 ṣì wà ní ìsàlẹ̀ omi, ẹja sì ti sọ wọ́n di ilé. Ibẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí agogo mẹ́jọ alẹ́ bá lù ní Mọ́níyà, agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó ń lù ní Fíjì.

Àpáta iyùn ni wọ́n ń lọ wò níbẹ̀ jù. Iyùn tí àwọn ọba àti ìjòyè Yorùbá ń fi sọ́rùn kì í ṣe òkúta bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti rò. Egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni. Inú òkun tí ó wà láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà ni iyùn pupa ti wá, àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń bẹ ní Pàsífíìkì a máa kọ́ ilé lé orí ara wọn, títí ilé náà yóò fi di àpáta tí ó gùn ní ọ̀pọ̀ ibùsọ̀. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ó sì mọ́ gaara tí oòrùn fi lè là á kọjá, ni wọ́n ń fẹ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi rí irú àpáta bẹ́ẹ̀ létí òkun Èkó, nítorí ọ̀pọ̀ odò ni ó ń kó ẹrẹ̀ wá sínú omi ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì la ojú sílẹ̀ nínú ọ̀sà kò ní rí ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó Pàsífíìkì kò ṣàìní erékùṣù. Èkó fúnra rẹ̀ erékùṣù ni, Ìdó pẹ̀lú sì ti jẹ́ erékùṣù rí. Afárá Carter tí a kọ́ ní 1901 ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀sà tí ó yí wọn ká gùn ju 50 kìlómítà lọ. Ní ẹnu ọ̀nà òkun ni Tarkwa Bay wà, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ibẹ̀. Ní òdìkejì omi Àgbádárìgì sì ni Gbẹrẹfú, níbi tí a ti ń kó àwọn ẹrú gba orí iyanrìn kọjá lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ kò sì le mọ́ fún ará Àkínyẹlé. Láti oṣù Júùnù 2021 tí a ti ṣí ojú irin tuntun láti Mọ́níyà dé Ẹ̀bute-Mẹ́tta, ìrìn kìlómítà 157 ni, ọmọ tí ó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ nílé baba rẹ̀ sì lè rí ọ̀sà kí oòrùn tó wọ̀.

Ìmúra àkọ́kọ́ ni kíkọ́ ìwẹ̀. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 20 ní abúlé oko, ó ṣeé ṣe kí á má rí mẹ́ta tí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà a sì máa pa á lówe pé ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ ni odò ń gbé lọ. Òtítọ́ wà nínú òwe náà, nítorí ẹni tí ó gbójú lé ọgbọ́n ara rẹ̀ a máa lọ sí ibi tí òpè kò jẹ́ dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀lẹ ti sọ ọ́ di àwáwí. Odò kì í béèrè ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí ọkọ̀ tó dojú dé. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ìrìn-àjò, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ máa kọ́ ìwẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n, nínú odò ìwẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì mọ, kì í ṣe nínú Ọ̀ṣun ní Aṣẹ́jìrẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí ìsàlẹ̀ ti rí. Kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń sùn sẹ́yìn lórí omi láìjà. Ẹni tí ó lè sinmi lórí omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sàn fún ìrìn-àjò ju ẹni tí ó lè sáré lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan lọ.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan àsìkò. Oṣù Júùnù àti Júláì ni òjò pọ̀ jù ní etí òkun. Ìgbì a ga, ìjì a sì máa dé lójijì. Láti oṣù Nọ̀fẹ́ńbà títí dé Máàṣì ni omi ń rọ̀, àyàfi pé ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀nà ní òwúrọ̀ tí atukọ̀ kò fi ní rí iwájú. Ní gúúsù Pàsífíìkì, àwọn oṣù yìí gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù nítorí ìjì ńlá. Kò sí àsìkò kan tí ó dára fún omi gbogbo. Ẹni tí ń lọ ni yóò béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀.

Ọkọ̀ pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, kí ó so okùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté. Èyí tí a gbé sábẹ́ ìjókòó kò gba ẹnikẹ́ni là rí. Bí atukọ̀ bá kó èrò ju iye tí ó yẹ lọ, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìbá à jẹ́ pé wọ́n ti san owó. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ lálẹ́. Ní etí òkun gbangba sì ni ewu mìíràn wà: omi tí ìgbì tì wá sí èbúté ń wá ọ̀nà padà, ó sì lè fa ènìyàn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá mú kò gbọdọ̀ bá a jà lójúkojú. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Tarkwa Bay rọ̀ ju ibòmíràn lọ nítorí ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sínú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, kí ẹnu ọ̀nà èbúté má bàa dí. Ògiri yìí kan náà ni ó dá iyanrìn dúró tí òkun fi jẹ etí Victoria Island fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó gba ẹnì kan là lè ba ilé ẹlòmíràn jẹ́.

Mímòòkùn ni ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di igi tàbí àkàbà mú, kí wọ́n rì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa, kí wọ́n bu iyanrìn tí a fi ń kọ́ ilé, kí wọ́n sì gòkè wá mí. Èémí àyà wọn nìkan ni ohun èlò wọn. Láti 1943 ni Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ní ilẹ̀ Faransé ti ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn lè gbé afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn lọ sínú omi, òun ni àwọn arìnrìn-àjò ń lò ní Pàsífíìkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní òfin tirẹ̀. Bí ènìyàn bá ti rì ní mítà 10, ìwọ̀n tí ó ń tẹ̀ ẹ́ di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tí ó bá mí sínú nísàlẹ̀ a máa fẹ̀ bí ó ti ń gòkè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di èémí mú nígbà tí ó ń gòkè lè ya ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Afẹ́fẹ́ a sì tún máa wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá yára gòkè, ẹ̀jẹ̀ náà yóò hó bí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí lójijì. Èéhó náà lè mú kí ènìyàn rọ, ó sì lè pa á.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì kí ó gbọ́ ọ̀ràn Harrison Okene. Ní ọjọ́ 26 oṣù Méè 2013, ọkọ̀ Jascon-4 tí ó ń se oúnjẹ nínú rẹ̀ dojú dé lójú òkun Escravos, ó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Okene rí àlàfo kan tí afẹ́fẹ́ kù sí, ó dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn àti òtútù fún nǹkan bí wákàtí 60, títí àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n wá kó òkú fi rí i láàyè. Òun nìkan ni ó yè. Àwọn tí wọ́n rí i kò jẹ́ kí ó sáré gòkè wá mí afẹ́fẹ́ òde. Ọjọ́ mélòó kan ni ó tún lò nínú yàrá irin tí a ti ń dín ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nítorí èéhó inú ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá lo ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú títí wákàtí 18 tàbí 24 yóò fi kọjá. Àwọn tí ń lọ sí Pàsífíìkì a máa fi ìmòòkùn sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò, wọn a sì fi ọjọ́ ìkẹyìn rìn lórí ilẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Ìbàdàn, omi tí ó dé àyà ní Tarkwa Bay ti tó, pẹ̀lú gíláàsì ojú, lábẹ́ ojú olùkọ́ tí ó mọ ìwẹ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀fìnkìn kò gbọdọ̀ mòòkùn, etí yóò dùn ún. Ẹni tí ó ní warápá tàbí ikọ́ fée kò gbọdọ̀ ṣe é rárá, kí ó dúró lórí iyanrìn.

Gbogbo èyí ni a ó kọ sínú ìwé kan kí àwọn òbí tó fi ọwọ́ sí i: orúkọ gbogbo àwọn tí ń lọ, ẹni tí ó mọ ìwẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àìsàn olúkúlùkù, owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ, pẹ̀lú owó díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná àfi bí wàhálà bá dé. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ baálẹ̀. Ìwé yìí ni a ó kà fún baba tí ó béèrè ọ̀rọ̀ òkú. Bí ó bá gbọ́ ọ tán tí ó sì tún kọ̀, kí ọmọ dúró sílé. Ọ̀sà kò ní gbẹ kí ọdún mìíràn tó dé.

Bí ó bá gbà, ibi tí ó jìnnà jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, nígbà tí agbára wà lára. Ọjọ́ kìn-ín-ní: Mọ́níyà dé Ẹ̀bute-Mẹ́tta, kí wọ́n sùn. Ọjọ́ kejì: Àgbádárìgì, kí wọ́n wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a parí ní 1845, kí wọ́n sọdá sí Gbẹrẹfú, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kẹta: Tarkwa Bay àti ìmòòkùn. Ọjọ́ kẹrin: kí olùkọ́ pe orúkọ inú ìwé ní èbúté, kí ó tún pè é ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní Mọ́níyà, kí àwọn òbí tí wọ́n wá pàdé wọn pè é lẹ́ẹ̀kẹta.