Gun Kẹ̀kẹ́, Gun Òkè: Ẹ̀kọ́ Láti Ojú Ọ̀nà Dahlonega

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí: gùn. Mi ò ní kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sójú ọ̀nà, sí àríwá Jọ́jíà níbi tí àwọn òkè Dahlonega wà. Ibẹ̀ ò jìnnà jù sí Atlanta, Georgia 400 la máa ń gbà. Èmi àti àwọn òbí mélòó kan máa ń gbé kẹ̀kẹ́ wa lọ síbẹ̀ ní Sátidé tí kò bá sí kíláàsì.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún òkè. Yorùbá ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí: "Mo gun kẹ̀kẹ́ gun òkè." Ẹsẹ̀ mi wà lórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ wà lára òkè, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé àwa méjèèjì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, a máa ń pa ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: gun ẹṣin á di gẹṣin, gun òkè á di gòkè.

Ẹ wá wo àmì orí rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí gùn bá dá dúró, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé e, kò yí padà: "Kẹ̀kẹ́ yẹn, mo gùn ún lánàá." Àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ á gòkè díẹ̀, á di ohùn àárín: "Mo gun kẹ̀kẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni rà ṣe ń di ra nínú "ra ẹran", tí kà ń di ka nínú "ka ìwé". Ohùn òkè kò sí níbẹ̀ rárá. Gún ni ọ̀rọ̀ tó ní ohùn òkè, iṣẹ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀. A máa ń gún iyán. Ẹ̀gún máa ń gún táyà. Ọmọ tó bá sọ fún màmá rẹ̀ pé òun "gún kẹ̀kẹ́" ti sọ pé òun kó kẹ̀kẹ́ sínú odó nìyẹn o! Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń gbọ́ èyí ní kíláàsì wa.

Gùn tún lè sọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, gún sì lè sọ pé nǹkan tọ́, kò wọ́. Ọ̀nà Dahlonega kò gún, ó sì gùn. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn tó sì rẹ́rìn-ín, Yorùbá ti wọ̀ ọ́ lára.

Bó ṣe gùn tó? Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí lọ́dọọdún, àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń péjọ síbẹ̀ fún ìrìn kan tí wọ́n ń pè ní Six Gap Century. Dahlonega ni wọ́n ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí, nǹkan bíi máìlì 104. Bí a bá ro gbogbo òkè tí wọ́n ń gùn lọ́jọ́ náà pọ̀, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 11,000. "Gap" ni wọ́n ń pe ibi tó rẹlẹ̀ láàárín orí òkè méjì, tí ọ̀nà lè gbà kọjá. Mẹ́fà ni wọ́n: Neels, Jacks, Unicoi, Hogpen, Wolfpen àti Woody. Hogpen ló le jù lójú tèmi. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kan ga ní 7 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá lọ síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 100, ẹ ti lọ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Kò jọ nǹkan kan nínú ìwé, àbí? Ẹ bi orúnkún yín léèrè. Àwọn ibì kan wà ní Hogpen tó ju 10 lọ nínú 100.

Gíà ló ń gba èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo irin eléyín tó wà níwájú, níbi pẹ́dà, àti àwọn tó wà lẹ́yìn, níbi táyà. Bí tiwájú bá ní eyín 50, tí tẹ̀yìn ní 11, bí ẹ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, kẹ̀kẹ́ á sì sáré lọ bíi ẹsẹ̀ bàtà 30. Ó dáa fún ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní Hogpen, ẹ ò ní lè yí i. Ẹ wá ṣéènì sí ibi tí iwájú ti ní 34, tí ẹ̀yìn náà ní 34: ẹ yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, táyà á yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó lọ bíi ẹsẹ̀ bàtà 7. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á lè yí i. Kí òkè tó dé ni kí ẹ ti yí gíà o, torí bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ bá ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà, ṣéènì lè jábọ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló léwu ju ìgòkè lọ. Ẹ má di bíréèkì mú láìtú u sílẹ̀, á gbóná jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ti dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà.

Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni ẹ ó ti máa rí ọgbà àjàrà: Wolf Mountain, Montaluce, Three Sisters, Frogtown. (Ẹ̀yin ọmọdé, èso lẹ ó máa wò, ẹ fi wáìnì sílẹ̀ fún àwọn àgbà.) Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Dahlonega Plateau gẹ́gẹ́ bí agbègbè àjàrà tó ní orúkọ tirẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ òkè? Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Lóru, á ṣàn lọ sí àfonífojì bí omi, yìnyín kò sì ní tètè pa ọ̀mùnú àjàrà tó wà lókè. Omi òjò náà kì í dúró sí ìdí rẹ̀. Òkè tó ń dá wa lágara yìí, àjàrà fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ ìlú náà ńkọ́? Àwọn Cherokee ló ni ín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ wúrà, ni Dahlonega ti jáde. Nígbà tí wọ́n rí wúrà lágbègbè náà ní 1828, àwọn èèyàn rọ́ wọ ilẹ̀ Cherokee. Ní 1838, ìjọba ṣí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe owó wúrà sí Dahlonega. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ ogun lé àwọn Cherokee jáde, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Wúrà Dahlonega ló wà lórí ilé aṣòfin tí ẹ máa ń rí ní àárín ìlú Atlanta. Ọ̀rọ̀ Cherokee ṣì wà lára pátákó ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kà á kò sì mọ̀ pé Cherokee ni òun ń sọ. Ìgbàkigbà tí mo bá kọjá níbẹ̀, mo máa ń pè é sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin. Ní Jọ́jíà, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ dé àṣíborí kó tó gun kẹ̀kẹ́. (Mo ti pé ọdún yẹn tipẹ́, mo ṣì ń dé e.) Awakọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá kejì ọ̀nà bí àyè bá wà. Bí kò bá sí, kó dín eré kù, kó sì fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀.

Bí a bá tò lé ara wa, ẹni tó wà níwájú ni ojú gbogbo wa, ẹni tó wà lẹ́yìn ni etí wa. Yorùbá la fi ń pariwo síra wa: "Kòtò!" "Òkúta wẹ́wẹ́!" "Mọ́tò lẹ́yìn!" Kò sí ẹni tó ń dúró túmọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí táyà bá ti fẹ́ wọ kòtò. Àwọn ọmọ tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn òbí wọn lóhùn nílé, tí wọ́n bá bá wa lọ, "Kòtò!" ni wọ́n ń pariwo bíi tiwa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ kọ àwọn gbólóhùn yìí sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí wọn.

1. Ade gun keke gun oke.
2. Keke naa ga, mi o le gun un.
3. Egun gun taya mi ni Suches.
4. Ona Hogpen ko gun, sugbon o gun.

Ìkẹrin ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ kà á sókè kí ẹ tó kọ ọ́.