Nọ́ńbà Lára Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Àkọsílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ yín ti rí àwòrán Màmí Wọ́tà rí, obìnrin onírun gígùn tí ó di ejò mú. Ilé ìtẹ̀wé ìdílé kan ní Hamburg, ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, láàárín 1880 sí 1890.

Adolph Friedlaender ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1872. Orí òkúta ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán. Wọn a fi ohun ọlọ́ràá yà á sórí òkúta, wọn a fi omi rin ín. Tàdáwà a lẹ̀ mọ́ ibi ọlọ́ràá, omi a sì lé e kúrò níbi yòókù. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òkúta tirẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú ní 1904, àwọn ọmọ ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Júù ni wọ́n. Ìjọba Hitler, tí ó dé ní 1933, ni ó ba òwò náà jẹ́. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ lé ní 9,000, wọ́n sì ń tẹ nọ́ńbà sí wọn lára. Nọ́ńbà yìí ni àwọn òpìtàn fi ń mọ ọdún iṣẹ́ wọn títí di òní.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí: akọ̀wé lè kú, akápò lè kó kúrò nílùú, àkọsílẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Bí ẹgbẹ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó bá gba kòkó tàbí owó lọ́wọ́ yín, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà. Kí nọ́ńbà kan náà wà nínú lẹ́jà.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
1. Ta ni ń tọ́jú rìsíìtì ẹgbẹ́ wa?
2. Ǹjẹ́ nọ́ńbà kankan fò nínú rẹ̀?