Ẹni Tí Ó Pa Fèrèsé Dé Kò Tíì Jáde

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí: bí a ṣe ń jáde kúrò nínú àkáǹtì tí a ń kó fáìlì wa pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà tí a bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiwa.

Ibi ìpamọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní cloud. Dropbox ti wà láti ọdún 2008, iCloud ti ilé-iṣẹ́ Apple dé ní 2011, Google Drive sì dé ní 2012. Inú kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni fáìlì wa ń gbé, a sì lè pè é jáde níbikíbi tí a bá wà. Ìrọ̀rùn gidi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ tẹ ìwé jáde lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì yóò kàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà onítẹ̀wé, yóò kọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, yóò tẹ ìwé, yóò sanwó, yóò sì pa fèrèsé tí ó ṣí dé. Ó rò pé òun ti jáde. Kò tíì jáde.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó fà á. Bí páásíwọ́ọ̀dù wa bá tọ̀nà, ilé-iṣẹ́ náà yóò fún bùráúsà tí a lò ní àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cookie. Ó dà bí tálì tí wọ́n ń fún ènìyàn lẹ́nu géètì: ẹni tí ó bá mú un dání, wọn kò tún ní bi í léèrè mọ́. Pípa fèrèsé dé kì í sọ tálì náà nù. Kódà pípa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í sábà sọ ọ́ nù. Ẹni tí ó bá jókòó lẹ́yìn wa, tí ó sì ṣí Google, orúkọ wa ni yóò bá níbẹ̀. Bọ́tìnnì "Sign out" ni ó ń gba tálì náà padà.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo ni pé àkáǹtì kan ṣoṣo ń ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀. Ẹni tí ó wọ Google nítorí lẹ́tà ojú ewé kan ti ṣí Drive, ó ti ṣí Gmail, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fi ìwé ìyípadà páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí. Ó ti ṣí Google Photos pẹ̀lú, èyí tí ó ń kó fọ́tò inú fóònù lọ fúnra rẹ̀ bí a bá ti gbà fún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ ro ti fọ́tò tí ẹ yà nínú yàrá láìlo híjáàbù, tàbí níbi ayẹyẹ tí obìnrin nìkan wà. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má ṣe rò pé kò kàn yín: fọ́tò ìyá yín àti ti àbúrò yín obìnrin wà nínú fóònù tiyín, àmánà sì ni lọ́wọ́ yín.

Ó dára jù kí á má wọlé rárá, kí á fi fáìlì kan ṣoṣo náà ránṣẹ́ sí ímeèlì onítẹ̀wé. Bí a kò bá rí ọgbọ́n mìíràn dá, kí á lo fèrèsé Incognito, kí á má gbà kí bùráúsà tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù wa, kí á sì tẹ "Sign out" kí á tó dìde. Ìwé tí a ti gbé sọ̀kalẹ̀ ṣì wà nínú Downloads o! Jíjáde kò fọwọ́ kàn án. A ní láti pa á rẹ́ níbẹ̀, àti nínú Recycle Bin pẹ̀lú.

Bí a bá ti gbàgbé ńkọ́? Kò sídìí láti padà lọ. Láti orí fóònù wa, kí á ṣí ètò àkáǹtì Google, kí á lọ sí ibi ààbò, kí á wá "Your devices". Gbogbo ẹ̀rọ tí orúkọ wa ṣí sílẹ̀ lórí wọn ni yóò jáde, a ó sì lé èyí tí a kò mọ̀ kúrò, kí á tó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Dropbox ní irú rẹ̀ lábẹ́ Security.

Ti fóònù tí a fẹ́ tà yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn kan máa ń pa fọ́tò rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Google Photos nígbà tí àkáǹtì ṣì wà lórí fóònù. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà a sì bá a lọ. Kí á kọ́kọ́ yọ àkáǹtì kúrò, kí á tó dá fóònù padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Láti 2013 ni iPhone ti ní títì tí ń béèrè àkáǹtì olówó rẹ̀, Android sì ní irú rẹ̀ láti 2015. Ẹni tí ó bá rà á lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a yọ ọ́ kúrò kò ní lè lò ó.

Ó ku ti ẹgbẹ́. Níbi tí alága, akọ̀wé àti akápò bá ti jọ ń lo àkáǹtì kan fún orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n jọ jókòó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé ipò sílẹ̀, kí wọ́n yọ fóònù àwọn tí ń lọ kúrò, kí wọ́n sì yí páásíwọ́ọ̀dù padà lójú gbogbo wọn. A kò fura sí ẹnikẹ́ni; olè lè jí fóònù ẹni rere. Èyí tí ó tún sàn jù ni kí á pín fódà náà fún àkáǹtì olúkúlùkù, kí á sì yọ ti ẹni tí àkókò rẹ̀ bá pé.