Àpò fúláwà ń dá mi lẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa, l'Abuja. Gbígbé àpò fúláwà ń dá mi lẹ́yìn. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹrù yẹn wúwo jù fún ẹnì kan: àpò kan tó 50 kg, 23 kg sì ni àjọ NIOSH tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ṣe òdiwọ̀n tó ga jù, kódà níbi tí gbígbé ẹrù ti rọrùn. Bíbẹ̀rẹ̀ gbé e nílẹ̀ ló burú jù. Ẹ ní kí jórinjórin ṣe tábìlì onítáyà tó ga dé ìbàdí, tó ní bíréèkì. Kí wọ́n fa àpò láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ́ sórí rẹ̀, kí ẹ ti tábìlì náà dé ẹnu ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, kí ẹ sì fi abọ́ bu fúláwà díẹ̀díẹ̀. Bí ìrora bá sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ kú tipiri, ẹ tètè rí dókítà. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú: òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF ló ń bójú tó o.