Igbó àti Omi Ilẹ̀ Òkèèrè: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Ìbàdàn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹ̀yin tí ẹ ti Onírèké, Bódìjà, Agbowó tàbí Challenge gbéra, tí ẹ ti wá di ará Manchester, Peckham tàbí Houston, wọ́n á ti là yín lọ́yẹ̀ nípa báńkì, dókítà, owó orí àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Èyí tí wọn kì í sábà bá àlejò sọ ni mo fẹ́ sọ: ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ síbi iṣẹ́, níbo ni ẹ ń lọ? Mo mọ àwọn ènìyàn wa tó ti pẹ́ gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé ilé, ibi iṣẹ́, ilé ìjọsìn àti ọjà nìkan ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Bí ẹ bá ní kí ẹ jọ lọ gun òkè, wọ́n á ní, “Kí ni mo sọ nù sínú igbó?”

Ìbéèrè yẹn kò ṣàjèjì lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn. Nílé, ọdẹ, àgbẹ̀ àti oníṣègùn ló ń wọ igbó, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn. Ní Onírèké tiwa yìí, igi ńláńlá ń ṣíji bo títì. Òkè Jẹ́ríkò kò jìnnà, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1954 wà. Adágún Ẹlẹ́yẹlé náà kò jìnnà. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ló débẹ̀ rí nítorí ìgbádùn lásán? Ní òkèèrè, ìgbádùn yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú, ẹ̀tọ́ yín sì ni. Ohun kan péré ni kí ẹ mú dání: kò sí igbó tí kò ní olúwa, kò sí omi tí kò ní èèwọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹja pípa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àlejò ti ń tètè kó sí wàhálà. Ní Ẹlẹ́yẹlé, lórí Odò Ọ̀nà tí wọ́n dí ní 1942, apẹja á wọ ọkọ̀ rẹ̀, á da àwọ̀n, á kó epìyà àti àrọ̀ wá sétí omi, ó parí. Ní England àti Wales, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sínú odò tàbí adágún láìní ìwé àṣẹ ìjọba tí wọ́n ń pè ní rod licence. Ọ̀fẹ́ ni ti àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbà á. Ojú ewé ìjọba gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á, ẹ má lọ gba ọ̀dọ̀ alágbàtà. Owó ìtanràn ẹni tí wọ́n bá mú láìní ìwé yìí lè tó £2,500. Ìwé náà kò sì sọ pé kí ẹ kàn wọ omi tó bá wù yín. Omi kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, bóyá ẹgbẹ́ apẹja, bóyá ìjọba ìbílẹ̀, bóyá olóko. Àwọn náà ló máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Ìwé méjì nìyẹn, ọ̀kan kò sì lè dúró fún èkejì. Scotland kò ní rod licence, àfi agbègbè Border Esk nìkan, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ olómi.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ pa àwọn ẹja bíi roach, chub àti pike nínú odò England. Wọ́n fi àkókò yẹn sílẹ̀ kí ẹja lè yé, kí ó sì bí sí i. Ọ̀pọ̀ adágún ni òfin náà kò kàn, nítorí náà ẹ wo pátákó tó wà létí omi kí ẹ tó já ìwọ̀ sílẹ̀.

Èyí tó ń dun àwọn ènìyàn wa jù ni pé wọn kò ní gbé ẹja náà relé. Ní ọ̀pọ̀ adágún tí ẹ ó ti sanwó, dandan ni kí ẹ dá a padà sómi láàyè. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn: “A sanwó, a dúró nínú òtútù, a mú ẹja, ẹ wá ní ká dá a padà?” Ẹ rántí Òṣogbo. Ta ni yóò gbójú gbóyà ju ìwọ̀ sí Odò Ọ̀ṣun nínú igbó òrìṣà, níbi tí ẹja pípa ti jẹ́ èèwọ̀? Àwa náà mọ omi tí a kì í jẹ ẹja rẹ̀. Tiwọn náà ní èèwọ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Bí carp ńlá bá wá gbé ìwọ̀ yín, ẹ má fi agídí fà á bọ́ sí ilẹ̀. Ẹ ki àwọ̀n ọlọ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí ẹní fóòmù tí ẹ ti bu omi wọ́n, kì í ṣe sórí òkúta tàbí yanrìn. Ẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ yín bọ omi. Ọwọ́ gbígbẹ a máa bó ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja kúrò, ohun yíyọ̀ yẹn ló sì ń gbà á lọ́wọ́ àrùn. Ẹ yọ ìwọ̀ náà jẹ́jẹ́, ẹ ya fọ́tò kan tó bá wù yín, kí ẹ sì gbé e padà sínú omi. Ẹ má jù ú o. Ẹ fọwọ́ gbé e dúró nínú omi títí á fi mí dáadáa, tí á ju ìrù, tí á sì lọ fúnra rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá bá yín níbẹ̀. Kì í ṣe ará ìmígíréṣọ̀n. Ìwé ẹja ló ń wò, ẹ kí i, ẹ fi èyí tó wà lórí fóònù yín hàn án. Ẹ má sá, ẹ má sì bínú.

Ẹni tó bá ń wá ẹja ọbẹ̀, kí ó gba etí òkun lọ. Wọn kì í béèrè rod licence lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja nínú òkun. Ní Deal ní ìpínlẹ̀ Kent àti ní Southend, afárá gígùn wà tó na ara rẹ̀ wọ inú òkun lọ, ẹ ó bá àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ pẹ̀lú àga àti fúláàsì tíì, inú wọn a sì máa dùn láti kọ́ àlejò. Nígbà ooru ni mackerel máa ń sún mọ́ etíkun. Títù tí a ń rà ní dídì ní ọjà Bódìjà nìyẹn! Ẹ ó rí i láàyè, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán láàárín àwọ̀ ewé àti búlúù, tí ìlà dúdú wọ́ kọjá lórí rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ eérú tó máa ń ní nínú páálí. Òfin ìwọ̀n wà níbẹ̀ náà o: sea bass tí kò bá tó 42 sẹ̀ǹtímítà, ẹ dá a padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1932, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ gun Kinder Scout, òkè tí àwọn onílẹ̀ olówó ti sé mọ́ aráyé kí wọ́n lè máa ríbi yìnbọn pa ẹyẹ. Benny Rothman, ọmọ ogún ọdún, wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọ́n mú díẹ̀ nínú wọn, márùn-ún sì ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1949, òfin tó dá ọgbà orílẹ̀-èdè (national park) sílẹ̀ jáde. Ní 1951, Peak District tí òkè yẹn wà nínú rẹ̀ di àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Britain. Ní 2000, òfin mìíràn fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹsẹ̀ rin orí àwọn òkè àti pápá gbalasa tí wọ́n ti sàmì sí lórí máàpù. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọ ọgbà orílẹ̀-èdè kankan níbẹ̀. Àwọn tó jà fún un jẹ́ ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe làálàá, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ òru ní ọsibítù àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ti òyìnbó olówó ni.

Orúkọ Yorùbá sì ti wà níbẹ̀. Rhiane Fatinikun rí àwọn tó ń gun òkè nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin gba Peak District kọjá, ó ní òun náà á ṣe é, ó sì dá Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019 fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ní London, Ollie Olanipekun àti Nadeem Perera dá Flock Together sílẹ̀ ní 2020, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun jáde lọ wo ẹyẹ. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé gbogbo ojú ni yóò máa wò yín, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jáde.

Edale ni mo máa ń júwe fún ará Manchester. Ọkọ̀ ojú irin kì í lò tó wákàtí kan, ẹsẹ̀ òkè gan-an ló sì máa já yín sí. Ẹ tẹ̀ lé ọfà aláwọ̀ yẹ́lò, ti ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn; ti búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ lè bá yín pàdé níbẹ̀. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màlúù tó ní ọmọ, ẹ rìn jìnnà sí i. Ẹ má wọ jíìnsì lọ: òjò á pa á, á wúwo, kò sì ní tètè gbẹ. Aṣọ òjò àti bàtà tó di ilẹ̀ mú ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí ilé ìtajà á fẹ́ tà fún yín lọ. Mọ́ínmọ́ín, dòdò àti ẹyin sísè dára lórí òkè ju búrẹ́dì tútù lọ, kí ẹ ṣáà kó ewé àti ọ̀rá rẹ̀ padà wálé. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ wá ní Mountain Rescue ni ẹ ń fẹ́. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n, wọn kì í gbowó. Níbi tí fóònù kò bá ti gbà, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fun ún.

Ẹ máa rí ìgbín lẹ́yìn òjò. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọ Ìbàdàn tó bá rí ìgbín ńlá nílẹ̀. Ẹ má mú un. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Roman snail, wà lábẹ́ ààbò òfin ní England láti 2008, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti mú un tàbí láti pa á. Ẹ má tu olú pẹ̀lú. Olú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ death cap, tó jọ ohun jíjẹ, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí ikú. Ohun tí ojú yín mọ̀ nínú igbó Gàǹbàrí kò lè gbà yín níbẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹsẹ̀, abíyá àti ẹ̀yìn etí àwọn ọmọ wò bóyá eégbọn ti lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á yọ láti ìdí. Bí ara bá pọ́n yí ojú ibẹ̀ ká lẹ́yìn náà, ẹ tọ dókítà lọ.

Omi tútù ni mo bẹ̀rù jù fún àwọn ọmọ wa. Adágún á dákẹ́ rọ́rọ́, oòrùn á mú, ọmọ á bẹ́ sí i; òtútù omi náà á gba èémí lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀wẹ̀. Ẹ kọ́ wọn pé bí wọ́n bá já sómi, kí wọ́n dojú sókè, kí wọ́n léfòó títí èémí á fi padà, kí wọ́n tó lúwẹ̀ẹ́.

Òfin Amẹ́ríkà àti Kánádà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní Texas, ẹ lè pẹja láìní ìwé àṣẹ bí ẹ bá wà nínú ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀. Brazos Bend kò jìnnà sí Houston, ṣùgbọ́n alligator máa ń yáàrùn létí ọ̀nà níbẹ̀, òfin wọn sì ni pé kí ẹ jìnnà sí i tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán. Ní Kánádà, ètò Learn-to Camp ti Parks Canada ń kọ́ àwọn tí kò sùn nínú àgọ́ rí. Mo fẹ́ràn ètò yẹn, torí wọn kì í rò pé ó yẹ kí àlejò ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Níbi tí béárì bá wà, inú mọ́tò ni oúnjẹ ń sùn, kì í ṣe inú àgọ́.

Ó ku ilé onígi inú igbó, tí ìdílé ń háyà fún ìsinmi. Àwọn bàbá wa ní Ìbàdàn ní ilé ìgboro, wọ́n sì ní abà lóko, wọ́n á lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́hùn-ún kí wọ́n tó padà wọ̀lú. Kí ẹ sùn síbi tí a kò ti gbúròó mọ́tò kò ṣàjèjì sí ìran wa. Ẹ háyà á nígbà tí kì í ṣe ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, owó rẹ̀ á wálẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀, torí ní England, ó lè di £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, á sì di £160 bí ẹ bá pẹ́ẹ́ san. Iye ènìyàn tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ kó lọ, ẹ má kó mọ̀lẹ́bí wọlé lóru. Ẹ ra ata, epo àti ìrẹsì dání láti ilé, ẹ sì gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Èyí tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ má gbé èédú súyà wọ inú ilé tàbí àgọ́ nítorí òtútù, kódà bí iná rẹ̀ bá ti ń kú lọ. Gáàsì inú èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ìwé àlejò sábà máa ń wà lórí tábìlì nínú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, torí àwọn tó sùn níbẹ̀ ṣáájú a máa kọ ọ̀nà tó ní ẹrẹ̀, ibi tí ìgalà ti ń mumi àti ṣọ́ọ̀bù tó ń tètè ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ tiyín sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú; ọmọ Ìbàdàn mìíràn lè wà lọ́nà.