Ọjà Kérésìmesì àti Ààwẹ̀ tí Ó Bí I



Àwọn baba wa a máa wí pé, ayé lọjà, ọ̀run nilé. Mo fẹ́ kí a fi òwe yìí ṣe àṣàrò ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní Ádífẹ́ǹtì yìí. Ọjà kan tí mo dé ní ilẹ̀ Jámánì ni n ó fi ṣe àlàyé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kó ìtìjú bá èmi tìkára mi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, mo wà ní ìlú Dresden, lọ́dọ̀ àlùfáà kan tí í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú mi lọ wo ọjà Kérésìmesì tí wọ́n ń ná nínú Stallhof, àgbàlá gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, níbi tí àwọn ìjòyè ti máa ń fi ẹṣin díje ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ọjà náà ni wọ́n ṣe bí ti ayé àtijọ́. Àwọn tí ń tajà wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn. Ògùṣọ̀ àti àbẹ́là ni ó ń tàn níwájú ìsọ̀ wọn. Wọ́n ń bu wáìnì gbígbóná tí ó ń rùn fún kànáfùrù sínú ife amọ̀. Alágbẹ̀dẹ kan sì ń lu irin gbígbóná lójú gbogbo ènìyàn. Inú mi dùn bí inú ọmọdé. Níbi tí mo ti dúró ti alágbẹ̀dẹ náà ni agogo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Fádà, agogo Mísà ìrọ̀lẹ́ nìyẹn." Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí ó ti irin yìí bọ omi ná."

Ẹ̀yin ará, irin náà pẹ́ kí ó tó dé inú omi. Katidírà Mẹ́talọ́kan Mímọ́, tí í ṣe ti àwa Àgùdà, kò jìnnà sí àgbàlá náà rárá. Síbẹ̀, nígbà tí a ó fi wọlé, wọ́n ti ka Ìhìnrere tán. Èmi tí mo máa ń bá yín wí lórí pípẹ́ dé Mísà ni mo yọ́ wọlé bí olè, tí mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn òpó.

Nígbà tí a jáde, ọ̀rẹ́ mi kò bá mi wí. Ó kàn mú mi lọ sí ẹ̀yìn ògiri Stallhof, níbi tí a ti fi tánńganran ya àwòrán àwọn tí ó jọba ní ilẹ̀ Saxony, gbogbo wọn lórí ẹṣin, tí àwòrán náà sì gùn tó mítà 102. Ó nawọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, Friedrich Kejì. Ní ọdún 1434, ọkùnrin yìí fún àwọn ará Dresden ní àṣẹ láti ná ọjà ẹran fún ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti inú ọjà ọjọ́ kan yẹn ni Striezelmarkt ti wá, ọjà Kérésìmesì ńlá tí a ṣì ń ná ní ìlú náà di òní.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ ọjà ẹran? Ìdí ni pé nígbà náà, ààwẹ̀ ni gbogbo Ádífẹ́ǹtì. Àwọn onígbàgbọ́ kì í jẹ ẹran. Bọ́tà pàápàá jẹ́ èèwọ̀ fún wọn. Ìyẹ̀fun, omi àti òróró ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì àsìkò náà, títí di ọdún 1491 tí Póòpù Innocent Kẹjọ yọ̀ǹda bọ́tà fún wọn. Búrẹ́dì yìí ni ó di Stollen òde òní, tí ó kún fún bọ́tà àti èso àjàrà gbígbẹ, tí a sì wọ́n ṣúgà funfun lé lórí. Wọ́n ní ó jọ Ọmọ Jésù tí a fi ọ̀já wé.

Ẹ kíyè sí i: ààwẹ̀ ni ìyá, ọjà ni ọmọ. Lónìí, ọmọ wọ aṣọ ńlá, ó jáde sí gbangba, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A lè rán ẹ̀wù àwọn ará àtijọ́, kí a sì wọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n ebi tí wọ́n fi dúró de Olúwa, ta ni yóò rán an fún wa?

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará Dresden nìkan ni mò ń bá wí. Àbẹ́là kan péré ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nínú mẹ́rin Ádífẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n aṣọ ọdún ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, a sì ti ń dúnàá dúrà lórí ìrẹsì àti adìyẹ. Ẹnìkan lè wí pé, "Fádà, Ìjọ kò fi ààwẹ̀ Ádífẹ́ǹtì di dandan fún wa mọ́." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn kò wí pé kí ó má dé ilé mọ́. Ó fẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni. Ohun tí òfin ń mú àwọn baba ìgbàgbọ́ wa ṣe, ìfẹ́ ni ó yẹ kí ó mú wa ṣe é.

Ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo jẹ Stollen ní Dresden, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n nítorí àjọ̀dún ni a ṣe ń ná ọjà. A kò ṣe àjọ̀dún nítorí ọjà.

Ìpinnu fún ọ̀sẹ̀ yìí: Kí olúkúlùkù yan ohun kan tí ó fẹ́ràn láti jẹ tàbí láti mu, kí ó fi í sílẹ̀ títí di alẹ́ Kérésìmesì, kí ó sì fi owó rẹ̀ ta ìdílé aláìní kan lọ́rẹ. Kí a wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa nísinsin yìí, kí a má ṣe dúró de ìgbà tí èrò bá pọ̀. Bí agogo Mísà bá sì dún nígbà tí a wà lójú ọjà, kí a fi irin sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, kí a máa bọ̀. Ilé ni a ń lọ.

Kí Olúwa tí ń bọ̀ bá wa nílé. Àmín.